Sísun inú mọ́tò lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà: ohun tí ojú wa rí láti Houston dé Ọ̀yọ́túnjí

Ọdún tí àwọn ìbejì wa wọ yunifásítì ni ìrìn àjò di ohun tí a ń fi ẹnu sọ lásán. Owó ilé ẹ̀kọ́ di méjì lẹ́ẹ̀kan náà, owó yàrá di méjì, owó ìwé di méjì. Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí èmi àti bàbá wọn ti fẹ́ wa mọ́tò láti Houston lọ sí ìhà ìlà oòrùn, kí a dé Africatown ní Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama, àdúgbò tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú dá sílẹ̀, kí a sì dé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé àṣà Yorùbá ní South Carolina, kí eegun tó le jù. Ọ̀nà náà lé ní ẹgbẹ̀rún máìlì ní àlọ nìkan. A ṣírò owó epo, apá wa ká a. A ṣírò owó hòtẹ́ẹ̀lì, ọkọ mi pa kọ̀ǹpútà dé.

Ó dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Ìyá Ìbejì, ṣé a ò lè sun inú Sienna yìí?"

Mo kọ̀. Lójú mi nígbà yẹn, ẹni tí nǹkan ti dojú rú fún ló ń sun inú mọ́tò. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìjọ wa gbọ́ pé èmi tí mò ń ṣe nọ́ọ̀sì ń sùn sí ẹ̀bá títì bí ẹni tí kò nílé. Ìtìjú yẹn kò tètè lọ, mo sì mọ̀ pé yóò mú ẹlòmíràn náà tó bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò. Ohun tó jẹ́ kí n gbà ni ìṣírò tí a tún ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà lókè òkun ló ń ro irú ìrìn yìí báyìí, ìmọ̀ràn tó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa sísùn ní bòńkẹ́lẹ́ nínú mọ́tò, àwọn òyìnbó ló kọ púpọ̀ jù nínú rẹ̀ fún ara wọn. Èyí tó dára níbẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó lè kó ènìyàn dúdú sí wàhálà ńlá, ó sì yẹ kí ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó gbéra nílé.

Mọ́tò ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Sienna wa ti pẹ́ díẹ̀, irú èyí tí àga àárín rẹ̀ ṣeé yọ ni. Àwọn tó jáde láti 2021 kò ṣeé yọ bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ yẹ ti yín wò dáadáa kí ẹ tó náwó sórí fóòmù. A yọ àga àárín méjèèjì sílẹ̀ nílé, a pa ti ẹ̀yìn dé sínú ihò rẹ̀, ilẹ̀ mọ́tò sì tẹ́ gbọọrọ láti ẹ̀yìn àga awakọ̀ dé ẹnu bùútù. Fóòmù oní-ínṣì mẹ́rin ni a gé sí i. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún, kó má ṣe dín owó fóòmù kù.

Gíláàsì ni iṣẹ́ gan-an wà. A fi páálí wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, a gé Reflectix sí ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń dán bíi fàdákà tí wọ́n ń lò láti dá ooru dúró nínú ilé. Lẹ́yìn náà a lẹ aṣọ dúdú mọ́ ojú rẹ̀ tó kọ síta. Ẹ má ṣe fo aṣọ dúdú yẹn. Bí ohun tó ń dán bá hàn nínú gíláàsì lóru, ẹni tó bá ń kọjá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ènìyàn wà nínú mọ́tò. Aṣọ dúdú ní tirẹ̀ jọ gíláàsì tó ṣókùnkùn lásán. Inú wa dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wa lọ́jọ́ náà. A tan tọ́ọ̀ṣì nínú mọ́tò, a jáde, a yí i po, a kò rí ìmọ́lẹ̀ kankan. A kò tíì mọ̀ pé ohun tí a fi ń yangàn yìí ni yóò já wa láyà jù lọ.

Oṣù kẹfà ni a gbéra, nítorí ìgbà yẹn ni ibiṣẹ́ mi fún mi láyè. Bí ẹ bá lè yan oṣù, ẹ má yan oṣù kẹfà ní etí òkun Gulf. Ẹni tó bá ti gbé Houston mọ bí òru ibẹ̀ ṣe ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn: oòrùn á ti wọ̀ tipẹ́, ooru kò ní tíì lọ, afẹ́fẹ́ á sì kún fún omi bí aṣọ tí a kò fún dáadáa.

Ibi ìsinmi ẹ̀bá títì kan ní Texas ni a kọ́kọ́ sùn, kí a tó dé ààlà Louisiana. Ìpínlẹ̀ Texas ṣe dáadáa lórí èyí. Òfin gbà kí ènìyàn dúró síbẹ̀ fún wákàtí 24, kó má ṣáà ti pàgọ́ síta. Iná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àwọn awakọ̀ tírélà tò lọ bẹẹrẹ. Gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kó fún wa ní ìsinmi. Ooru ni kò jẹ́. Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, ọkọ mi tan ẹńjìnnì, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù, a sì sùn fọnfọn.

Orí fífọ́ ló jí mi. Orí fífọ́ tó dì mí mú ṣinṣin ni, láti ìpàkọ́ wá síwájú. Mo rò pé omi tí n kò mu tó ni. Nígbà tí ọkọ mi sọ pé inú ń rìn òun, tí ó sì ń fi ọwọ́ di orí mú bíi tèmi, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ta mí jí. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo fà á síta. A ti fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ ògiri ilẹ̀ tó ga kan, igbó dí ẹ̀bá rẹ̀, ibi tí èéfín ìbá gbà lọ kò sí, ó ń padà wá sábẹ́ wa.

Kò sí ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ ìròyìn ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú. Wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó dáhùn. Èéfín kan náà ni èyí, kábọ́ọ̀nù mónósáìdì. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, kì í ta ènìyàn nímú, oorun ló máa ń jọ lára ẹni tó bá ń pa lọ. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ti tọ́jú ẹni tó ṣe rí. Síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn pé mọ́tò tí a tan sílẹ̀ lóru lè ṣe ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣe. Nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sùn nínú mọ́tò tí ẹńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lágbègbè tí yìnyín ń bọ́ sílẹ̀, ó tún burú ju èyí lọ, torí yìnyín a máa dí ihò èéfín pa. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún bí èéfín yìí bá wọ inú afẹ́fẹ́, irú èyí tó ń lo bátìrì, ẹ so ó mọ́ ibi tí orí yín yóò wà. Owó rẹ̀ kò tó owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan. Láti ọjọ́ náà, ìgbà tí a bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ pé bátìrì rẹ̀ ṣì dára ni a tó ń dùbúlẹ̀.

Ohun tí a fi rọ́pò amúlétutù ni fáànù kékeré méjì, bátìrì ńlá kan tí a ń gba iná sí bí a bá ti ń wakọ̀ lọ lójú ọ̀sán, àti gíláàsì tí a ṣí díẹ̀ lápá méjèèjì kí atẹ́gùn lè gbà á kọjá. Kò tutù bí amúlétutù. Ó ṣeé sùn, ìyẹn náà sì tó. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti yọ, ẹ dìde. Inú mọ́tò tí a tì pa lábẹ́ oòrùn ń fi nǹkan bí ìwọ̀n Fahrenheit 20 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́, ẹni tó bá sì ti sùn lọ kò ní mọ̀.

Ní Louisiana, òjò ló dé. A ti gun afárá Atchafalaya kọjá, afárá tó gùn tó máìlì 18 lórí irà, tí igi dúró nínú omi lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ẹ̀fọn sì ń ké, a ti gbogbo gíláàsì pa. Èémí ènìyàn méjì ní gbogbo òru kì í ṣe omi kékeré. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ń ṣàn lára gíláàsì, ó ń kán sí wa lẹ́sẹ̀, etí fóòmù ti rin. A kò tètè mọ̀ pé ó yẹ kí a sá a sóòrùn, nígbà tó sì di ọjọ́ kejì, òórùn ohun tó bu ti gba inú mọ́tò. Rọ́bà kan wà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òkè gíláàsì mọ́tò, tí yóò jẹ́ kí ẹ lè ṣí i díẹ̀ kí òjò má wọlé. Ẹ lẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a fi mágínẹ́ẹ̀tì dè mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn náà, èmi ni mo fi ọwọ́ rán tiwa. Ẹ má sì ṣe gbé sítóòfù gáàsì wọ inú mọ́tò láti se nǹkan. Èéfín ni, ooru omi ni, òórùn ọbẹ̀ ni, iná sì ni. Gààrí, ẹ̀pà, sàdíìnì, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni a fi ń gbé ọjọ́ ró, a sì ń jẹ oúnjẹ gbígbóná lọ́sàn-án níbi tí tábìlì bá wà.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ọlọ́pàá báyìí.

Ìmọ̀ràn tí ẹ ó rí níbi gbogbo ni pé kí ẹ wá àdúgbò tó dákẹ́, tí àwọn aráàdúgbò ń gbé mọ́tò sí ẹ̀bá títì, kí ẹ dé lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ má ṣí ilẹ̀kùn mọ́, kí ẹ sì ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. A ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ní ìlú kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Àdúgbò náà mọ́, igi ńláńlá wà, kò sí àkọlé kankan tó ní kí a má gbọ́kọ̀ síbẹ̀. A kò dá òfin kan.

Láàárín òru ni wọ́n fi nǹkan gbá gíláàsì. Ohùn ọkùnrin ni, ó ń ké pé kí ẹni tó wà nínú mọ́tò fi ara hàn. Ọkọ mi ta gìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo di í lápá mú. "Bàbá Ìbejì, ẹ má mira. Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè." Mo fi ohùn rara sọ ọ́ ní èdè òyìnbó pé ènìyàn méjì ni wa, pé tọkọtaya ni wa, pé mo fẹ́ ṣí aṣọ kúrò lójú gíláàsì. Nígbà tí mo fà á, iná tọ́ọ̀ṣì wọlé, mo sì rí ojú ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá náà. Ẹ̀rù ń bà á. Ẹnì kan láàárín àdúgbò ló pè wọ́n pé mọ́tò tí òun kò mọ̀ rí wà níwájú ilé òun. Ó dé, ó tanná, kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi dúdú. Ó gbọ́ pé nǹkan ń mira nínú òkùnkùn yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbi ìbọn.

Ó gba láísẹ́ǹsì wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí a máa lọ, ó sì júwe ilé epo àwọn onítírélà kan fún wa. Kò bú wa. Títí tí a fi dé ibẹ̀ ọwọ́ mi kò ṣíwọ́ gbígbọ̀n, ọkọ mi kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ rò ó bọ̀. Ọgbọ́n tí àwọn òyìnbó ń kọ́ni ni pé bí o bá fara pa mọ́ tó, kò séwu. Fún àwa, bí a bá ṣe fara pa mọ́ tó náà ni ewu ń pọ̀ tó, torí ẹni tí kò rí wa dáadáa ni yóò fi èrò ọkàn rẹ̀ kún ohun tí kò rí. Kì í ṣe òní ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ yìí fi sun inú mọ́tò lójú ọ̀nà wọ̀nyí gan-an, wọ́n lówó hòtẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́, hòtẹ́ẹ̀lì ni kò gbà wọ́n. Láti 1936 ni Victor Hugo Green, akólẹ́tà kan tó ń gbé Harlem, ti ń tẹ ìwé atọ́nà tí wọ́n ń pè ní Green Book jáde, tó ń to àwọn ilé tí ènìyàn dúdú lè sùn sí láìsí ìyọnu. Nígbà tí Martin Luther King Jr. dìde sọ̀rọ̀ ní Washington ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, ó mẹ́nu ba ìyà yìí pé ọkàn àwọn kò ní balẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ara tí ìrìn ti mú rẹ̀ kò bá rí yàrá gbà ní hòtẹ́ẹ̀lì. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti 1964 ló fòpin sí kí hòtẹ́ẹ̀lì máa lé ènìyàn dúdú. Àwọn àgbàlagbà tó la ìgbà náà kọjá ṣì wà láàyè, wọ́n jókòó sínú ìjọ kan náà pẹ̀lú wa. Obìnrin kan nínú wọn, nígbà tí mo sọ ìtàn wa fún un, kò yà á lẹ́nu. Ó kàn bi mí pé ṣé ọkọ mi gbé ọwọ́ síbi tí ọlọ́pàá ti lè rí i.

Láti òru yẹn ni a ti yí ọ̀nà padà. A kì í sùn sí àdúgbò ẹnikẹ́ni mọ́. Ibi tí a bá ti tọrọ àyè, tí wọ́n sì fún wa, tàbí ibi tí òfin ti sọ pé ó jẹ́ ti arìnrìn-àjò, ibẹ̀ ni a ń sùn. A ṣì ń dákẹ́, a ṣì ń fi aṣọ dí gíláàsì, torí ìkọ̀kọ̀ ẹni ṣì ní ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ jẹ́ èyí tí ọwọ́ kan lè fà kúrò lẹ́ẹ̀kan. Láísẹ́ǹsì, ìwé mọ́tò àti ìwé ìbánigbófò wà nínú àpò kan ṣoṣo lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi ọwọ́ tú àpò lábẹ́ àga níwájú ọlọ́pàá. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, iná inú mọ́tò ni a kọ́kọ́ ń tàn, ọwọ́ a wà lókè, a ó sì sọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí a tó ṣe é. Àga awakọ̀ kì í ní ẹrù lórí láé, kọ́kọ́rọ́ sì ní ibi kan tó ń wà, kí a lè wakọ̀ lọ láìjáde síta bí ojú ibẹ̀ kò bá dára mọ́.

Ẹ má mu ọtí pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó ti mutí tí wọ́n bá nínú mọ́tò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lè jẹ́jọ́ pé ó ń fi ọtí wakọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun ló ń sùn.

Ibi tó rọrùn jù láti tọrọ ni Walmart. Ilé iṣẹ́ náà fi í sọ́wọ́ máníjà ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òfin ìlú tó bá wà, nítorí náà ẹ má rò pé bí ti ìlú kan ṣe gbà ni ti ìkejì yóò gbà. A máa ń wọlé, a máa ń ra omi àti èso, èmi a sì bá ẹni tó wà nídìí káńtà sọ̀rọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, tọkọtaya arìnrìn-àjò ni wa, ṣé a lè sùn sínú mọ́tò wa títí di òwúrọ̀?" Púpọ̀ nínú wọn a ní kò sí wàhálà, wọn a tún fi apá ibi tí iná wà hàn wá. Àwọn kan a kọ̀, a ó dúpẹ́, a ó lọ. Ẹ tún wo àwọn òpó iná ibẹ̀ fún àkọlé, torí nígbà mìíràn òṣìṣẹ́ lè gbà, kí àkọlé sì sọ pé wọn yóò wọ́ mọ́tò lọ. Ẹ má gbé àga síta, ẹ má yan ẹran, ẹ má sá aṣọ. Ẹ ra nǹkan níbẹ̀, ẹ kó ìdọ̀tí yín. Ìwà tí ẹ bá hù ni yóò ṣílẹ̀kùn tàbí tì í fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Irú ibẹ̀ ni a sùn sí kí a tó wọ Africatown. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah wá sí Mobile ní 1860, bẹ́ẹ̀ òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí kíkó ẹrú wọ̀lú láti 1808. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà láti fi bo ẹ̀ṣẹ̀ wọn mọ́lẹ̀, ọdún 2019 ni wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwókù rẹ̀ nìyẹn nínú odò. Ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn náà ni Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tó kú ní 1935. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti tọpa rẹ̀ dé agbègbè Bantè ní Benin, láàárín àwọn Yorùbá ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n gba òmìnira, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é tí wọ́n fi dé ibẹ̀, ó kọ̀. Wọ́n wá ń tọ́jú owó iṣẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi fowó ara wọn ra ilẹ̀, wọ́n kọ́lé, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Mo dúró sí ibi ìsìnkú wọn lórí òkè, mo sì sunkún. Ìtìjú tí mo gbé kúrò nílé nítorí sísun inú mọ́tò, ibẹ̀ ni ó ti kúrò lára mi. Ibi tí ènìyàn yóò gbé orí lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣe fújà.

Florida yàtọ̀ sí Texas. Wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n gbà ní ibi ìsinmi ẹ̀bá títì wọn, ẹ̀ṣọ́ sì máa ń wà níbẹ̀ lóru. Ó wúlò fún ẹni tí oorun bá kì mọ́lẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀, kò wúlò fún òru kan gbáko. A ní kí a dán igbó ìjọba àpapọ̀ wò, Apalachicola, lẹ́bàá Tallahassee. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹ lè sùn lọ́fẹ̀ẹ́ síbi tí wọ́n bá yọ̀ǹda, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14 ní àgbègbè kan. Ẹ kọ́kọ́ pe ọ́fíìsì wọn, torí lásìkò ọdẹ, ibi tí wọ́n ń gbà ènìyàn láyè máa ń dín kù. Béárì dúdú, ẹranko ńlá inú igbó, wà níbẹ̀, nítorí náà oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó ní ìdérí, nínú mọ́tò. Òfin wà lẹ́yìn wa níbẹ̀, kò sí ẹni tó lè lé wa, síbẹ̀ n kò fi ojú ba oorun. Òkùnkùn pọ̀ jù, fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbogbo ìró ewé ni mo ń gbọ́. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ń han-an-run. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ jù gbogbo ibi tí a sùn lọ, a ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀ títí di òní.

Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin ti ń dúró de ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Póò ni. Èyí tó ní ìdérí tó dè pinpin, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti ọṣẹ nísàlẹ̀. Ẹ má tìjú rẹ̀, ìyá wa àgbà ní i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Jíjáde lóru láti lọ tọ̀ ni ìgbà tí obìnrin wà nínú ewu jù, mo sì kíyè sí i pé nítorí kí n má baà jáde, mo ti dín omi mímu kù lójú ọ̀sán nínú ooru, èyí tó tún burú jùyẹn lọ. Ní ti ìwẹ̀, àwọn ilé epo ńlá ti onítírélà ní yàrá ìwẹ̀ tó mọ́, tó ní kọ́kọ́rọ́, owó rẹ̀ lé ní dọ́là 10. A wá rí i pé káàdì Planet Fitness, ilé ìdárayá tó ní balùwẹ̀, èyí tó ṣeé lò ní ẹ̀ka wọn gbogbo, dínwó fún ẹni tó bá máa pẹ́ lójú ọ̀nà. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo gbé dání, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nígbà tí a dé South Carolina, ó ti rẹ̀ wá kọjá ohun tí owó tí a ṣẹ́ kù lè wò sàn. A sanwó ibi ìpàgọ́ ní ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Hunting Island, etí òkun. Omi gbígbóná wà, iná wà láti gba sí bátìrì, ẹnikẹ́ni kò lè lé wa. A sùn bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kò yẹ kí a ti gbìyànjú láti sun gbogbo òru lọ́fẹ̀ẹ́. Báyìí, a máa ń ya owó sọ́tọ̀ fún ibùsùn tí a ó sanwó fún lẹ́yìn òru méjì tàbí mẹ́ta, owó náà ṣì kéré púpọ̀ sí ti hòtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́, awakọ̀ a sì lajú. Ọ̀yọ́túnjí tí a wọ̀ lọ́jọ́ kejì, tí Ọba Adéfúnmi Kìíní dá sílẹ̀ ní 1970 ní Sheldon, ó yẹ kí n kọ ọ́ lọ́tọ̀. Ohun tí mo lè sọ níbí ni pé a dé ibẹ̀ ní ẹni tó ti wẹ̀, tó ti sùn, tó lè fetí sílẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti ń rìn báyìí, òfin ti ń le sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ẹjọ́ Grants Pass ní Oregon, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, pé ìlú lè fìyà jẹ ẹni tó bá sùn sí gbangba. Àwọn tí kò nílé ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù, ó sì dùn mí, torí mo mọ̀ báyìí bí ara ṣe ń rí nígbà tí wọ́n bá ní kí o dìde lóru tí o kò mọ ibi tí o ń lọ. Àwa a ní ilé tí a lè padà sí. Ó kan arìnrìn-àjò náà, torí ìlú púpọ̀ ló ń ṣe òfin tuntun lórí sísùn síta, ti àwọn kan sì kan inú mọ́tò. Ẹ ka òfin ìlú kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan kọ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, títí kan èyí tí mò ń kọ yìí.

Oṣù kọkànlá ni a ń lọ báyìí. Òru tutù, ẹ̀fọn kéré, aṣọ ìbora méjì tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú, tó ti lé ní ọdún 18, òfin ní kó máa gbé káàdì ìgbélùú rẹ̀ dání níbikíbi tó bá ń lọ, ẹ̀dà tó wà nínú fóònù kò sì rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé láti El Paso lẹ ń bọ̀ wá sí ìlà oòrùn lórí òpópónà I-10, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà ní ibi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró láti béèrè ìwé, bíi ti Sierra Blanca. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò tíì jáde, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níwájú ìjọba, kó má ṣe é. Kó dúró ná. Kó jẹ́ kí ẹni tí ìwé rẹ̀ pé wakọ̀, kí wọ́n sùn sí ilé ará tàbí sí ibi tí wọ́n sanwó fún, níbi tí kò sí ẹni tí yóò wá fi tọ́ọ̀ṣì kanlẹ̀kùn. Lálaalẹ́ kí a tó sùn, a máa ń fi ibi tí a wà ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì, pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò àti àwòrán ibi tí a gbọ́kọ̀ sí. Bí a kò bá tíì kí wọn ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò pè.